Àlàfo Tí Kò Ju Ewé Ìwé Kan Àbọ̀ Lọ: Bí Ẹ́ńjìnnì Kékeré Ṣe Dé Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ẹni tó bá gbéra ní Rye Lane, tó fẹsẹ̀ rìn gba Queens Road kọjá sí New Cross, tó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò Thames ní Deptford, kò ní rìn ju bíi wákàtí kan lọ kó tó dé ibi tí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Deptford ni Sebastian de Ferranti, ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, kọ́ ilé-iṣẹ́ amúnáwá ńlá kan sí. Nígbà tó fi máa di 1891, iná tí agbára rẹ̀ tó 10,000 fóòtì ti ń gba inú wáyà láti ibẹ̀ lọ sí àárín London. Kí Ferranti tó dé, ẹ̀rọ kéékèèké ni àwọn ará London ń lò. Ilé ńlá kan á ní tirẹ̀ nísàlẹ̀ ilé, àdúgbò kan á ní tirẹ̀ nítòsí, ariwo rẹ̀ àti èéfín rẹ̀ á sì máa bá gbogbo èèyàn gbé. Ohun tí Ferranti rò ni pé kí wọ́n kó gbogbo ariwo náà lọ sí etí ìlú, níbi tí omi wà tí ọkọ̀ ojú omi ti lè já èédú, kí iná máa ti ọ̀nà jíjìn wá bá àwọn tó ń lò ó. Bó ti rò ó náà ni ayé wá gbà á.

Ọdún 5 péré lẹ́yìn èyí, ní 1896, iná mànàmáná tàn ní Èkó.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọdún méjèèjì yìí síwájú nítorí ìbéèrè kan tí àwọn ọmọ tí a bí sí Peckham níbí máa ń bi wá nígbà tí wọ́n bá ti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà dé: kí ló dé tí ẹ̀rọ tó ń pariwo fi wà lẹ́yìnkùlé gbogbo ilé? Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní NEPA ló fà á, a ó sì kọjá síbi ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìdáhùn yẹn kéré ju ìbéèrè náà lọ. Ẹ̀rọ yẹn ní ìtàn tirẹ̀, ohun kan tó kéré gan-an sì wà nínú rẹ̀ tó ń gba owó lọ́wọ́ àwa tí a wà lókè òkun láìjẹ́ pé a mọ orúkọ rẹ̀.

Ní ti iná ìjọba, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Wọ́n dá ECN sílẹ̀ ní 1950. Ní 1968 ni odò tí wọ́n sé ní Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa níná, ní 1972 ni wọ́n sì pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ń bójú tó Kainji, tí ó di NEPA. NEPA di PHCN ní 2005. Ní 2013 wọ́n gé PHCN wẹ́lẹwẹ̀lẹ fún àwọn aládàáni: Ìbàdàn ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Ìkẹjà ní tirẹ̀, Èkó náà ní tirẹ̀. Orúkọ ń yí, iná kò yí. Ìlú ń gbòòrò, fíríìjì àti fáànù ń pọ̀ sí i, iná tó wà kò sì tó láti pín. Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970, ẹni tó bá rí owó á ra ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀. Ohun tí London gbé jù sílẹ̀ nígbà ayé Ferranti la tún lọ gbé wọ agbolé wa.

Ẹ́ńjìnnì tó wà lára ẹ̀rọ wọ̀nyí ti rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1946, lẹ́yìn ogun, Honda Soichiro rí àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké kan tí àwọn ọmọ ogun Jàpáánì fi ń fún ẹ̀rọ wáyálẹ́sì wọn níná. Ogun ti parí, kò sẹ́ni tó tún nílò wọn. Ó so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Ìtàn ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé ìgò tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí láti fi móoru lórí ibùsùn ló kọ́kọ́ lò bíi táǹkì epo. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì amúnáwá ló bí alùpùpù Honda. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọkùnrin tó rò pé jẹnẹrétọ̀ jẹ́ àbúrò ọ̀kadà.

Èyí tí gbogbo ilé mọ̀ jù ní Nàìjíríà ni Tiger kékeré, TG950, tí àwọn èèyàn sọ ní “I better pass my neighbour”, ìyẹn ni pé èmi tiẹ̀ fi díẹ̀ sàn ju aládùúgbò mi lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 63 cc lọ, obìnrin kan lè fi ọwọ́ kan gbé e. Kò ní fáàfù kankan. Ihò ara sìlíńdà ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, písítìnì tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń ṣí ihò náà tó sì ń dí i. Ọ́ìlì la ń pò mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀, ìwọ̀n 1 ọ́ìlì sí nǹkan bíi 50 epo. Ẹni tó bá ti mọ ìpò yẹn, tó sì mọ bí a ti ń nu púlọ́ọ̀gì, ó ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọwọ́ tẹ èyí tó tóbi díẹ̀, tó lè gbé fíríìjì. Àwọn báńkì àti ọ́fíìsì ti ń lo Elemax, tí àwọn ará Jàpáánì ń fi ẹ́ńjìnnì Honda ṣe. Lẹ́yìn náà ni ti China dé, Sumec Firman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, owó wọn sì rọjú. Ọ́ìlì ti àwọn wọ̀nyí wà lọ́tọ̀, epo wà lọ́tọ̀. Wọ́n ní fáàfù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì kíyè sí i: wọ́n gbé ìwà Tiger lọ bá ẹ̀rọ tí kì í ṣe Tiger.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fáàfù fún ẹni tí kò bá tíì rí i. Ẹ ronú kan ìṣó tí orí rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ. Orí náà ni ilẹ̀kùn, ó ń dí ẹnu ọ̀nà inú sìlíńdà. Sípíríìnì tó lágbára ló ń fà á tì. Méjì ni wọ́n: ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ tó pò mọ́ epo láti wọlé, ìkejì fún èéfín láti jáde. Irin kan tí wọ́n ń pè ní rọ́kà ló ń tẹ ìdí ìṣó náà kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Láàárín rọ́kà yìí àti ìdí fáàfù, àlàfo kan gbọ́dọ̀ wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, nítorí irin máa ń gùn sí i bó bá gbóná. Bí kò bá sí àlàfo, nígbà tí fáàfù bá gbóná tó sì gùn, kò ní lè tì dáadáa mọ́. Àlàfo yìí ni àwọn mẹkáníìkì wa ń tún ṣe nígbà tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì.

Lára Honda GX160, tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ China jẹ́ àwòkọ rẹ̀, ti afẹ́fẹ́ jẹ́ 0.15 mílímítà, ti èéfín sì jẹ́ 0.20. Ti èéfín tóbi jù nítorí iná tó ti jó tán ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ó gbóná ju èkejì lọ, ó sì ń gùn jù ú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí 0.15 ti kéré tó, kó mú rimu ìwé ọ́fíìsì tó ní ewé 500, kó fi rúlà wọn bó ṣe nípọn tó. Yóò rí nǹkan bíi 50 mílímítà. Ewé kan jẹ́ 0.10 nìyẹn. Ewé kan àbọ̀ ni gbogbo ohun tí à ń sọ. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì, nítorí náà ẹ fojú fo ìpínrọ̀ yìí bí nọ́ńbà bá ń sú yín. Iná tiwa nílé, gẹ́gẹ́ bí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi jogún rẹ̀ fún wa, ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti rí irú iná bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ní láti yípo ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyípo méjì-méjì ni fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí lẹ́ẹ̀kan: ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 90,000 ní wákàtí kan. Ilé tó ń tan ẹ̀rọ fún wákàtí 5 lálẹ́, ilẹ̀kùn náà ti ṣí ó ti tì ní ìgbà 450,000 kí wọ́n tó pa á lọ sùn. Lóṣù kan, ó di mílíọ̀nù 13 àbọ̀. Bó ti ń gbá ìjókòó rẹ̀ ni ìjókòó náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀, fáàfù ń rì wọlé, àlàfo sì ń kéré.

Ìwé tí Honda fi sọwọ́ pẹ̀lú GX160 ní kí a yẹ àlàfo náà wò lọ́dọọdún tàbí lẹ́yìn wákàtí 300, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ gbé e wò ní Peckham níbí. Ẹni tó bá ń fi irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ gé koríko fún ìlàjì wákàtí lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 26 tí koríko fi ń hù, wákàtí 13 ló lò lọ́dún. Yóò tó ọdún 23 kó tó pé 300. Ẹ gbé e wò nílé ìyá wa: wákàtí 5 lálẹ́, 300 ti pé ní alẹ́ 60. Oṣù méjì. Ẹni tó kọ ìwé náà kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gé koríko tàbí ẹni tí iná rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nítorí ìjì ló ní lọ́kàn. Kò ní wa lọ́kàn. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ tí a ń fi owó ránṣẹ́ rà ń kú sí, kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe pé ayédèrú ni gbogbo wọn.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹni tó ni irú ẹ̀rọ yìí fi lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún àlàfo náà ṣe. Ilé-iṣẹ́ Briggs & Stratton, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà ní 1908, ló ṣe púpọ̀ jù nínú àwọn ẹ́ńjìnnì agékoríko ayé àtijọ́. Ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà ni wọ́n fi fáàfù sí. Kò sí bóòtì tàbí nọ́ọ̀tì tí a lè yí. Bí àlàfo bá kéré, a ní láti yọ fáàfù jáde, kí a lọ ìdí rẹ̀ lórí òkúta ìlọrin títí yóò fi kúrú díẹ̀. Bí ẹni tó ń lọ̀ ọ́ bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó ti kúrú jù. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni, kì í ṣe iṣẹ́ ilé. Ní 1983 ni Honda gbé àwọn GX jáde, tí fáàfù wọn wà lókè lábẹ́ ìdérí kan, tí nọ́ọ̀tì kékeré sì wà lórí rọ́kà tí a fi ń dín àlàfo kù tàbí tí a fi ń fi kún un. Honda kọ́ ló kọ́kọ́ ro irú ìlànà bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ti ń lò ó tipẹ́. Ṣùgbọ́n GX yìí ni ayé gbà, tí China sì ṣe àwòkọ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà fi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó sì wọ yàrá ìdáná. (Ìyàwó mi ní kí n má sọ ti yàrá ìdáná yẹn ní gbangba.)

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ìran tó ṣáájú wa mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí ọkọ̀ Morris Minor àti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, ọkọ̀ tíṣà, ọkọ̀ akọ̀wé, ọkọ̀ nọ́ọ̀sì. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Èkó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Fáàfù 8 ló wà nínú Ìjàpá, àlàfo wọn sì jẹ́ 0.15 mílímítà, iye kan náà pẹ̀lú ti fáàfù afẹ́fẹ́ GX160. Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ ó rí ọkùnrin tó wọ tai lánàá tó sùn sábẹ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú sípánà àti sìkùrùdíráfà. Àwọn tó kàwé níhìn-ín lẹ́yìn 1966, ọdún tí John Haynes tẹ ìwé àkọ́kọ́ nínú àwọn ìwé títún-ọkọ̀-ṣe tó gbajúmọ̀, ń rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rà. Ọ̀kan wà nílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde títí dòní, gbogbo etí ewé rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà, ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ń kọ yìí. Jẹnẹrétọ̀ tí a rà fún ìyá mi kò tíì ju oṣù 14 lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fíríìjì. Kó tó jí, wọn á fa okùn rẹ̀ títí apá á fi ro wọ́n. Bó bá sì jí, ìgbà tí fíríìjì bá ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́ ni yóò kú. Oògùn ìyá mi tó gbọ́dọ̀ tutù wà nínú fíríìjì yẹn. Ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wò ó, ó ní ẹ́ńjìnnì ti lọ, ká ra òmíràn. Wọ́n pè mí ní Peckham pé kí n fi owó ránṣẹ́. Bàbá Tíṣà ní kí n ṣì dúró ná. Ó ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fa okùn náà díẹ̀díẹ̀ lójú òun.

“Ṣé ó ń bá ọ jìjàkadì?” ni bàbá bi í.

“Rárá, sà. Ó ń rọ̀ wá ni.”

Bàbá bá gba fóònù. “Ọmọ mi, má tíì fi owó ránṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì yìí kò kú. Fáàfù rẹ̀ kan ni kò rí ààyè jókòó, gbogbo agbára rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ sá lọ. Ìjàpá mi ṣe bẹ́ẹ̀ rí.”

“Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣé ó ṣeé ṣe láti tún un ṣe nílé?”

“Níbo la ti ń tún ti Ìjàpá ṣe?”

Fílà géèjì tó ti wà nínú àpótí rẹ̀ láti ìgbà Ìjàpá ló gbé jáde, àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó so pọ̀ bí abẹ̀bẹ̀, tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tín-ín-rín jù lọ nínú wọn kò wọ ibi fáàfù èéfín rárá. Àlàfo ti tán. Wọ́n dá a padà sí 0.20, fíríìjì sì ṣiṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Orí ló ní kí fáàfù náà má tíì jóná. Bí wọ́n bá tún lò ó fún oṣù kan sí i bẹ́ẹ̀, iná ì bá ti jẹ ẹ́ létí, ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì ti lọ ì bá sì ṣẹ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, yálà lára ẹ̀rọ agékoríko níhìn-ín tàbí lára jẹnẹrétọ̀ nílé. Ìwé Honda ní kí ẹni tí kò ní irinṣẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì yá sí iṣẹ́ irin, gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe é. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Òwúrọ̀ ló dára jù. Yọ púlọ́ọ̀gì kúrò kó má baà ṣèèṣì jí. Nu gbogbo ẹ̀gbin orí rẹ̀ kí o tó tú bóòtì mẹ́rin tó mú ìdérí, nítorí iyanrìn tó bá bọ́ síbẹ̀ kò ní jáde pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Èyí tó wà lápá kábúrétọ̀ ni fáàfù afẹ́fẹ́, èyí tó wà lápá sàléńsà ni ti èéfín. Máa fa okùn díẹ̀díẹ̀ kí o sì ṣọ́ fáàfù afẹ́fẹ́: bó bá ti wọlẹ̀ tó sì gòkè padà, písítìnì tó bá gòkè tẹ̀lé e ni à ń wá. Nígbà tó bá dé òkè pátápátá, fáàfù méjèèjì ń sinmi. Ibi tí àwọn tó ń kánjú ti ń ṣì í nìyí, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni písítìnì ń dé òkè, ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn fáàfù sì ń sinmi níbẹ̀.

Ki géèjì 0.15 bọ abẹ́ rọ́kà ti afẹ́fẹ́, àti 0.20 sí ti èéfín. Ó yẹ kó wọlé, kó sì máa fà díẹ̀ bí a bá ń yọ ọ́, bí ẹni fa ìwé yọ lábẹ́ ìwé mìíràn. Bó bá le jù tàbí tó rọ̀ jù, fi sípánà kan di nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ mú, fi ìkejì tú èyí tó tì í, yí i díẹ̀, kí o tún un dì. Tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí o bá dì í, nítorí dídì yẹn máa ń sún un kúrò níbi tí o fi sí. Yí ẹ́ńjìnnì náà lẹ́ẹ̀mejì kí o tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí tó bá ti ya, má tún un lò, ọ́ìlì yóò gba ibẹ̀ jò. Nọ́ńbà wọ̀nyí ti GX160 ni o. Ẹ̀rọ mìíràn ní tirẹ̀, inú ìwé rẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó.

Àlàfo tó bá tóbi jù náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa lù kọ̀kọ̀kọ̀, fáàfù kò ní ṣí tó, agbára á dín kù. Irin kékeré kan tún wà nínú GX tó ń gbé fáàfù èéfín sókè díẹ̀ nígbà tí a bá ń fa okùn, kó lè rọ ọwọ́; bí àlàfo èéfín bá pọ̀ jù, irin náà kò ní tó o dé, okùn á sì le bí ẹni tí ń fa akọ màlúù. Nítorí náà, ẹ má rò pé bí a bá fi ààyè sílẹ̀ púpọ̀ ló dára jù.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń bú àwọn mẹkáníìkì wa nílé pé wọn kò ní géèjì, pé abẹ ìfárùngbọ̀n ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. N kò bá wọn bú ẹnikẹ́ni. Abẹ olójú méjì jẹ́ 0.10 mílímítà, méjì tí a tò lé ara wọn jẹ́ 0.20 géérégé, iye tí fáàfù èéfín ń béèrè. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan ìyẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni ti afẹ́fẹ́, nítorí abẹ kan kò tó, méjì sì ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi etí gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá wọn ti kọ́ wọn kí wọ́n tó gba firídọ̀ọ̀mù. Etí dára fún ẹ́ńjìnnì tó ń pariwo. Àlàfo tó ti kéré jù kì í pariwo. Ṣe ló ń dákẹ́, tí ẹni tó ni ẹ̀rọ á máa yọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ òun ti wá rọra ń ṣiṣẹ́.

Owó géèjì kan ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ níbí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ní Rye Lane. Síbẹ̀, a ó kó tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ tòkunbọ̀ sínú kọ̀ǹténà, ẹrù á dé Àpápá tàbí Tin Can, kò sì sí ẹni tó máa rántí fi ìwé ẹ̀rọ náà àti géèjì kan sí inú rẹ̀. Àwọn ẹbí wa tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà tiẹ̀ ní ìṣòro kún ìṣòro: iná tiwọn ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60, ẹ́ńjìnnì wọn sì ń yípo 3,600, fóòtì rẹ̀ kò bá tiwa mu. Tiwa láti ibí bá tilé mu títí dé ẹnu púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí àwáwí fún wa.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Pẹtiróòlù tí iye rẹ̀ kò tó 200 náírà fún lítà kan ti di 617 náírà ní Àbújá kí oṣù Keje ọdún náà tó parí. Ẹ́ńjìnnì tí fáàfù rẹ̀ kò tì dáadáa ń jẹ epo tí kò fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí epo wà ní owó pọ́ọ́kú, ẹni kan lè gbójú kúrò. Ní báyìí, inú owó tí a ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ni ó ti ń jẹ ẹ́, abẹ́ “owó epo” ni a sì ń kọ ọ́ sí. Bí oníbàárà mi bá gbé irú ìwé ìnáwó bẹ́ẹ̀ wá, n kò ní fọwọ́ sí i.

Ohun kan wà tí àlàfo kò lè tún ṣe. Bó ti wù kí a sẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì tó, èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí a kì í rí, tí a kì í sì í gbóòórùn rẹ̀. Ìdílé púpọ̀ nílé ti gbé ẹ̀rọ sí kọ́rídọ̀ tàbí bákóńì nítorí olè, wọ́n sùn, wọn kò jí. Ìta gbangba ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé. Àláàmù kékeré tí àwọn onílé níbí ń gbé kọ́ nítorí bọ́ílà wọn ń gbọ́ èéfín náà. Ó kéré tó láti wọ inú báàgì ẹni tó ń lọ sílé.

Ọ̀pọ̀ ilé ti ń gbé pánẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí òrùlé báyìí, ti ìyá mi náà wà lọ́nà. Wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ á dín kù, àmọ́ kò ní tán ní àsìkò òjò, ẹ̀rọ tó bá sì jókòó pẹ́ láìṣiṣẹ́ ní àìsàn tirẹ̀, nítorí epo á dì mọ́ inú kábúrétọ̀ bí oje igi. Ìwé eléwé 40 kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ ògiri níbi tí ẹ̀rọ náà wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fa ìlà sí i kí n tó fi ránṣẹ́: ọjọ́, iye wákàtí, afẹ́fẹ́, èéfín, orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ ọ́, Bàbá Tíṣà ló ń fi bírò pupa máàkì rẹ̀ bíi ti ilé-ìwé. Ohun tó kọ kẹ́yìn, tó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ni pé ti afẹ́fẹ́ ṣì wà ní 0.15, ti èéfín ti di 0.17, òun ti dá a padà sí 0.20, kí n jọ̀ọ́ fi gásíkẹ́ẹ̀tì méjì ránṣẹ́ bí ẹnì kan bá ń bọ̀ wálé.